Orí Kẹrin: Ọmọ Olómi Níwájú Abéèrè

Iná pupa tún tàn.

Àìná kò tíì fìdí lélẹ̀ dáadáa lórí bẹ́ǹṣì tó fi rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú yàrá kékeré náà, ọmọ ọmọ rẹ̀, Ìbíyẹmí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ń wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni Abéèrè wà. Ẹ̀rọ náà dúdú, ó rí roboto, ó tóbi tó agbada tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ojú kan ṣoṣo ló sì wà láàárín rẹ̀. Ohùn bàbá àgbàlagbà ni àwọn tó ṣe é fi sí i lẹ́nu, ohùn ẹni tó jẹun yó tí ara sì tù ú.

"O káre, ọmọ mi," ni Abéèrè wí. "Nínú ogún ìbéèrè, o gba méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fún ọ. Mi ò lè gbà ọ́ wọlé."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìbíyẹmí fèsì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀.

"Ẹlòmíràn wo?" Àìná ti dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì. "Ta lẹ rí níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Ládẹ̀jọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó yàrá ìdánrawò náà, sáré wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Kò lè gbọ́ yín láti ibí."

"Ó dáa, ìwọ ń gbọ́ mi. Ta ló ń sọ ọ́ fún un?"

Ládẹ̀jọ họ orí. "Ẹ̀yin náà mọ etí-inú, Màmá."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Wọ́n á tì í sábẹ́ awọ lẹ́yìn etí ọmọ, á sì máa sọ ìdáhùn fún un jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Kí omi òkun tó gba ìlú wọn, Etí-Òṣà, tán, àwọn kan ti ń kiri rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ní Orí-Àpáta, ọmọ tí wọ́n bá bá etí-inú lára rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ lọ sí Pẹ̀tẹ́lẹ̀, ibùdó tí wọ́n pa àgọ́ sí nísàlẹ̀ òkè, níbi tí kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí kò sí ìrètí pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á tún gòkè.

"Ẹ tú irun rẹ̀ wò," ni Àìná wí. "Ẹ yẹ ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò."

"A ti yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Abéèrè kì í wo etí, ojú ló ń wò. Bí ẹ bá bi ọmọ tó ní etí-inú ní nǹkan, á kọ́kọ́ dákẹ́, á wolẹ̀, á máa tẹ́tí sí ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ìbíyẹmí ń dákẹ́. Ó sì ń wolẹ̀."

"Ṣé kó máa wo àgbàlagbà lójú ni?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá."

"Ohùn àgbàlagbà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ló pè é. Kí ló tún fẹ́? Kó gbójú sókè kó máa wò ó kòrókòró bí ẹni tí wọ́n jọ ń ta ayò?"

Ládẹ̀jọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn, Màmá."

Àìná wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀gbà àtìpó tí wọ́n dè mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ẹnu ibodè ṣì pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ti di mẹ́sàn-án. Láràárọ̀ ló ń dín kan. Ní ọjọ́ tó bá ku ẹyọ kan ni ìdánwò gidi máa wáyé. Bí Ìbíyẹmí bá wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Orí-Àpáta, ẹ̀gbà náà á di aláwọ̀ ewé, wọ́n á di onílé, ìyá ọmọ náà, Ọláṣùbọ̀mí, tó ṣì ń ru òkúta sí ògiri tí wọ́n fi ń dá òkun dúró, á sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gòkè wá bá wọn. Bí kò bá wọlé, Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ògiri dé Pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba Àìná. Ilé mẹ́ta ni òkun ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ ẹ̀kẹrin. Kò mọ̀ ọ́n kà ju orúkọ ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ gàdàgbà tí wọ́n ń kọ sára ògiri lọ, ṣùgbọ́n ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ kì í jáde. Nígbà tí wọ́n gba pátákó ẹ̀kọ́ Ìbíyẹmí, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún un, lẹ́nu ibodè, tí wọ́n ní pátákó etíkun kò gbọdọ̀ wọ Orí-Àpáta, gbogbo ènìyàn ṣe bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ti parí. Àìná ló rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta gbáko ni pátákó náà fi ń ka ẹ̀kọ́ sókè nínú ilé, òun sì jókòó tì í, ó ń hun àwọ̀n. Ìṣirò ni o, ìtàn ilẹ̀ ni o, bí òjò ṣe ń di òjò, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ pátá. Òun ló ń bi ọmọ náà ní ìbéèrè láràárọ̀ láti ìgbà náà. Orí ọmọ kọ́ ló níṣòro. Ẹ̀kọ́ ilé tí òun fúnra òun kọ́ ọ ni.

Nígbà tí wọ́n tò sórí ìlà láti wọ àpótí okùn tó máa gbé wọn padà sí ilé àtìpó, Ìyá Ẹ̀bùn ló wà níwájú wọn. Ará Èkó ni, yàrá wọn sì kan ara wọn. Ọmọ rẹ̀, Ẹ̀bùn, gba iná aláwọ̀ ewé ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ìyá Àgbà, iná wo ni?"

"Pupa."

"Ó tún di pupa! Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin lẹ ba ọmọ yẹn jẹ́."

"Èmi?"

"Ẹ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹ wo Ẹ̀bùn tèmi. Àtọjọ́ tí mo ti bí i ló ti ń wò mí lójú kòrókòró. Bí mo bá bá a wí, á ní kí n ṣàlàyé ara mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sunkún ìwà yẹn. A wá dé ibí, Abéèrè ní ọmọ mi kò lábùkù!"

Àìná rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mú ìhà.

"Ẹ bọ́ ẹ̀kọ́ yẹn kúrò lára rẹ̀," ni Ìyá Ẹ̀bùn wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Bí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ tún fi wọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ̀wù ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Àìná. Bí òun bá kọ́ ọmọ yìí láti gbójú sí àgbà, ta ló lè sọ pé ojú náà á tún wálẹ̀? Ọláṣùbọ̀mí á gòkè dé, á bá ọmọ tí kò mọ̀. Bí òun kò bá sì kọ́ ọ, Ọláṣùbọ̀mí kò ní gòkè rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ọmọ náà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. "Wò mí."

Ìbíyẹmí gbójú sókè, ó sì tún wolẹ̀.

"Wò mí, mo ní!"

"Màmá, mi ò lè ṣe é. Ọrùn mi ló ń tẹ̀."

Àìná fi ewúrẹ́ aládùúgbò dán an wò. Ó wo ewúrẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó wá gbé kàlẹ́ńdà kan tí àwòrán bàbá onírùngbọ̀n wà lára rẹ̀, ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di ti ọkùnrin. "Ọmọ mi, kí ni orúkọ odò tó tóbi jù ní ilẹ̀ yìí?" Kí ó tó parí rẹ̀, Ìbíyẹmí ti kúnlẹ̀ fún kàlẹ́ńdà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, ọmọ náà gbìyànjú. Ó di eyín, ó gbójú sókè, ó sì wo ìyá ìyá rẹ̀ fún odindi ìmí kan. Ọwọ́ Àìná kò dúró gba àṣẹ. Ó ti gbá a létí.

"Kí lò ń wò?"

Ìbíyẹmí kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àìná jókòó, ó sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ìbí. Àbẹ̀ní mi. Má bínú."

"Mi ò bínú, Màmá."

"Èmi ló yẹ kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́."

Nígbà tí ẹ̀gbà ku méje, wọ́n tún wọ àpótí okùn láti gòkè lọ síbi ìdánrawò. Irin tín-ín-rín ni wọ́n ta láti ilé àtìpó tó wà ní ìdajì àpáta dé orí rẹ̀, àpótí tó ń gòkè á bá èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ pàdé ní àárín méjì, wọ́n á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tímọ́tímọ́. Kò sí gíláàsì ní fèrèsé wọn, afẹ́fẹ́ ń gbé wọn sọ́tùn-ún sósì. Àìná ti di igi mú. Ó rí i tí àpótí kejì ń bọ̀, bàbá arúgbó kan onífìlà funfun jókòó nínú rẹ̀.

Ìbíyẹmí náà rí i. Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó gbé orí sókè, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ti bàbá náà gbọn-in.

"Ẹ kú ìtukọ̀ o, bàbá! Ọ̀tún yín ni mo ń gbà o!"

Ó ya bàbá náà lẹ́nu. "Òo! O ṣeun, ọmọ mi!" Àpótí rẹ̀ sì ti kọjá.

Ọkàn Àìná ti padà sí Etí-Òṣà. Ta ni í kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré? Ẹni tó bá dán an wò, á da ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ sómi. Bí o bá pàdé àgbàlagbà lójú omi, ojú rẹ̀ lo gbọ́dọ̀ wò, torí ojú ló fi ń sọ apá ibi tó fẹ́ yà sí. Bí ó bá sì bi ọ́ ní nǹkan, kíá ni wàá dáhùn, torí omi kò ní dúró dè yín. Ọmọ tó bá wolẹ̀ lójú omi, tó ń dákẹ́ kó tó fèsì, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Òun fúnra òun ló kọ́ Ìbíyẹmí ní méjèèjì, ti inú ilé àti ti ojú omi. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù bọ̀ wá sórí àpáta, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ sẹ́yìn, torí ó rò pé omi ti parí.

"Ìbí," ni ó pè.

"Mà?"

"Ta ló ní Abéèrè yẹn jẹ́ ará ilé wa?"

Àìná kò dúró gba èsì.

"Inú ọkọ̀ ló wà. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kò sì ní dúró. Má kúnlẹ̀ fún un mọ́, wàá dojú dé."

Ojú Ìbíyẹmí tàn. Ó ti yé e.

Ọjọ́ náà gan-an ni iná ewé kọ́kọ́ tàn fún un. Ó jókòó sórí àpótí kékeré tí Ládẹ̀jọ bá a gbé wá, ó ṣe ọwọ́ bí ẹni tó mú àjẹ̀ ìtukọ̀ dání, ó ń wo ojú ẹyọ kan náà, ó sì ń dáhùn ní kété tí ìbéèrè bá ti bọ́. Ládẹ̀jọ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fa Àìná sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá, mi ò fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣe é. Òfin kò gbà kí wọ́n kọ́ ojú ọmọ. Bí Abéèrè bá mọ̀ pé ẹnì kan kọ́ ọ bó ṣe máa wo òun, Pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó pa ẹnu mọ́."

Àìná dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó títí dé ilé. Ó ti gbá ọmọ náà létí lórí ojú. Ṣé kó tún wá kọ́ ọ ní irọ́? Kò sọ nǹkan kan fún un.

Nígbà tí ẹ̀gbà ku márùn-ún, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Ìbíyẹmí gbé síbí dúró, ó wo ìyá ìyá rẹ̀ lójú tààrà.

"Màmá, iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí."

Ọwọ́ Àìná gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí i nígbà tó ń gbéra, ó sì dá a padà sórí itan. Ó bu ọbẹ̀ tọ́ wò. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́.

"Láti ìgbà wo ló ti ń rí bẹ́ẹ̀?"

"Láti Etí-Òṣà, Màmá."

"O sì ń jẹ ẹ́!"

"Ẹ ò bi mí rí, mà."

Àìná da omi sí ọbẹ̀ náà, ó rò ó, ó ní kí ọmọ tún tọ́ ọ wò. Ọmọ náà mi orí pé ó dára. Láti ọjọ́ náà ni Àìná ti mọ̀ pé ẹ̀wù kọ́ lohun tí òun bọ́ yìí, kò sì ní ṣeé wọ̀ padà. Ó ronú nípa ọbẹ̀ oníyọ̀ tí ọmọ náà ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé kò burú bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ìdánwò máa wáyé, ẹ̀gbà ọwọ́ ku ẹyọ kan. Gbọ̀ngàn Kọ́lẹ́ẹ̀jì kún fún àwọn òbí, wọ́n jókòó sẹ́yìn gíláàsì ńlá, ohun gbogbo tí wọ́n bá sì sọ nínú lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbọ́ níta. Abéèrè ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Ẹ̀bùn wọlé, ó jáde, iná ewé. Ìyá rẹ̀ jó. Wọ́n pe Ìbíyẹmí.

Ó wọlé, ó jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Abéèrè bi í ní ìbéèrè òjò, ó dáhùn. Ó bi í ní ti ìṣirò, ó dáhùn. Àìná ń sọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ètè kí ọmọ náà tó sọ ọ́, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mọ́kàndínlógún kọjá. Ó ku ẹyọ kan.

"Ọmọ mi," ni Abéèrè wí. "Mo rántí rẹ láti yàrá ìdánrawò. Ìgbà mẹ́ta lo wolẹ̀ fún mi. Ní báyìí o ń wò mí. Ta ló kọ́ ọ?"

Ládẹ̀jọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà di ojú.

"Kó ní kò sẹ́nì kankan," ni Ìyá Ẹ̀bùn ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àìná. "Ọlọ́run jọ̀ọ́, kó ní kò sẹ́nì kankan."

Ìbíyẹmí kò jẹ́ kí ìbéèrè náà tutù. "Màmá mi ni, sà. Ìyá ìyá mi. Àwọn ló wé gèlè búlúù yẹn."

Gbogbo ènìyàn yíjú wo gèlè búlúù. Àìná jókòó gbọn-in, ó tún un ṣe kó lè hàn dáadáa.

"Kí ni wọ́n kọ́ ọ?"

"Ìkíni méjì ni wọ́n kọ́ mi, sà, láti kékeré. Ẹ pè mí ní ọmọ yín, mo wá ń kí yín bí ará ilé. Màmá ní mo ṣì yín mú, pé inú ọkọ̀ lẹ wà. Ní ìlú wa, a kì í wolẹ̀ fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ìwọ̀sí ni."

"Sọ ìkíni kejì náà fún mi."

"Kò ṣeé dá sọ, sà. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Èmi ń bọ̀ nínú ọkọ̀ tèmi, ẹ̀yin náà ń bọ̀ nínú tiyín. Ṣé ẹ ti ṣe tán?"

"Mo ti ṣe tán."

Ìbíyẹmí na ẹ̀yìn, ó yí àjẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ sí apá kan. "Ẹ kú ìtukọ̀ o, bàbá! Ibo lẹ forí lé?"

Abéèrè dákẹ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sí ògiri, òun ló ń béèrè. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun rí. Ìmọ́lẹ̀ inú ojú rẹ̀ ń yí po, ó ń yí po. Àìná ń ka ìmí ara rẹ̀. Ẹyọ kan. Méjì. Mẹ́ta.

Nínú lọ́hùn-ún, Ìbíyẹmí ti ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ojú sin nǹkan tó ń kọjá lọ. Nígbà tó yí i dé ẹ̀yìn tán, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́:

"Ẹ ti pẹ́, sà. A ti kọjá ara wa."

Ládẹ̀jọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn dé gbogbo bẹ́ǹṣì.

"Òótọ́ ni," ni Abéèrè wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. "Mi ò mọ ibi tí mo forí lé. Ìkíni ni wọ́n kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìwọ nìkan ló ń dá mi lóhùn, ọmọ mi, kò sí ẹlòmíràn lẹ́nu rẹ. Wọlé."

Nǹkan kan móoru lọ́wọ́ Àìná. Ó wolẹ̀, ẹ̀gbà náà ti di aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti parẹ́. Ìyá Ẹ̀bùn ti so mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń pariwo, ó fẹ́ ya gèlè náà kúrò lórí.

Ìbíyẹmí jáde. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì wà nínú ojú ìyá ìyá rẹ̀ kòrókòró.

"Màmá, ẹ pe ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ju òkúta yẹn sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n máa bọ̀."

Nínú gbogbo ọjọ́ ayé Àìná, ọmọdé kò tíì rán an níṣẹ́ rí.

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì ń tú etí ìró rẹ̀ kíákíá, ó ń wá fóònù.